Máàkì Mosúnmọ́lá

Adja-Ouèrè, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, ọdún 2023

Ṣàfíù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín? Òjò ni ó ń dààmú wa níhìn-ín. Ó rọ̀ sórí àgbàdo tí a kò tíì ká ní oko wa ní Ikpinlè, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lọ wò ó bóyá ó ti ń hù lórí igi. Ìyá rẹ ní bí àgbàdo náà bá bàjẹ́, ojú mi ló bà á jẹ́, kì í ṣe òjò.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé Mosúnmọ́lá ló ń bá mi tẹ tẹlifóònù. Ojú mi kò ríran lára nǹkan kékeré yẹn mọ́. Òun ló ń pe nọ́ńbà, òun ló ń gbé e sí mi létí, gbogbo ilé a sì máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan òun fúnra rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ó gbọ́ ọ kí n tó mọ ibi tí ó já sí.

Mosún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti wọ kíláàsì ìparí. Oṣù kẹfà ọdún tó ń bọ̀ ni yóò ṣe ìdánwò bákì. Ó wá sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé òun fẹ́ béèrè àyè ní yunifásítì ńlá tó wà ní ìlú yín níbẹ̀, láti kọ́ nípa oògùn. Ó kà á fún mi: ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn ló ń béèrè lọ́dọọdún, igba péré ni wọ́n ń mú. Láti ọjọ́ náà n kò jẹun yó. Bí ó bá béèrè tí wọn kò mú un ńkọ́? O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, tó fi í sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà sí wa lọ́wọ́, kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé òun fẹ́.

Mo fi ẹ̀dà ìwé èsì rẹ̀ ti ọdún méjì sínú àpòòwé yìí. Mẹ́rìnlá nínú ogún ló ń gbà, òun ló sì ṣe ipò kìíní nínú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógójì. Olùkọ́ fìlósófì wọn, tí kì í fún ènìyàn ní mẹ́wàá bọ̀rọ̀, fún un ní mẹ́tàlá. Nígbà tiwa, ẹni tó bá gba méjìlá, ọ̀gá ilé-ìwé á ní kí ó dìde kí gbogbo kíláàsì rí i.

Jọ̀wọ́, lọ bá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Fi ìwé náà hàn án. Ṣé ó lè wọlé, àbí kò lè wọlé? Bí kò bá lè wọlé, kí n tètè mọ̀, kí n lè rọra gba ọkàn rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Má fi ojú tìrẹ nìkan wò ó o. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀.

Èmi fúnra mi ni yóò gun zémì lọ fi lẹ́tà yìí sí póòsì ní Pobè lọ́la. N kò lè fi rán ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn alálùpùpù yìí máa ń sáré, ìwé a sì máa já bọ́ lápò.

Bàbá rẹ,
Bàṣírù


Montréal, ọjọ́ kejìlá oṣù kọkànlá, ọdún 2023

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Ìyá. Ara gbogbo wa le. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dààmú, a ní aṣọ. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé ọ̀rọ̀ ojú yín àti àgbàdo yẹn pa mí lẹ́rìn-ín débi tí ìyàwó mi fi béèrè pé kí ló ṣe mí.

Mo ti béèrè ohun tí ẹ ní kí n béèrè. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wo ìwé Mosún, ó sì ní kí n má tàn yín. Inú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti ń ka máàkì níhìn-ín. Mẹ́rìnlá nínú ogún, àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Àwọn tí wọ́n ń mú, àádọ́rùn-ún ni wọ́n ń gbà, òmíràn ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè wọlé, Bàbá. Kí ó má wulẹ̀ fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Ẹ sọ fún un kí ó ṣe bákì rẹ̀ dáadáa, kí ó lọ sí yunifásítì Kálávì nílé. Ọ̀pọ̀ èèyàn gidi ló jáde níbẹ̀.

Iṣẹ́ pọ̀ níbi tí a ti ń kó oògùn sí àpótí, wọ́n ti fi ọjọ́ Sátidé kún tiwa. Ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ kí n tó kọ òmíràn.

Èmi ọmọ yín,
Ṣàfíù


Adja-Ouèrè, ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, ọdún 2023

Ṣàfíù ọmọ mi,

Ẹ kú òtútù o. Mo gba lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kà á, bóyá mo fo ìlà kan.

Mo mú bírò, mo ṣírò ó. Àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, méjìdínlógún nínú ogún ni. Ṣàfíù, n kò rí ẹni tó gba méjìdínlógún rí láti ìgbà tí mo ti mọ ilé-ìwé. Ṣé àwọn ọmọ ibẹ̀ kì í sùn ni? Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ bá ti sọ ọ́, ta ni èmi tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin láti lọ jẹ́ akọ̀wé níbi tí wọ́n ti ń wọn èso ọ̀pẹ?

Mo fẹ́ sọ fún Mosún. Ó ń bá ìyá rẹ bó gbágùúdá, mo sì jókòó tì wọ́n.

Mo ní, "Mosún, bí wọ́n bá ní máàkì rẹ kò tó ńkọ́?"

Ó ní, "Ta ló ní kò tó, Bàbá?"

"Mo kàn ní bí wọ́n bá ní ni."

"Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ ọ́ nígbà náà. Ẹ má bá wọn sọ ọ́."

Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi kò rí ẹ̀rín rín. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìbéèrè rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Ilé-ìwé rẹ̀ ni yóò fi ìwé èsì ránṣẹ́ ní tirẹ̀, nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ni wọn yóò ti ìlẹ̀kùn.

Padà lọ bá ẹni náà, jọ̀wọ́. O kò dárúkọ rẹ̀ fún mi. Béèrè bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ṣé o rí i pé òun ló ṣe ipò kìíní? Ṣé ó rí i? Dá mi lóhùn kí oṣù kìíní tó parí. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ga, nọ́ọ̀sì sì ní kí n yé ronú, bí ẹni pé ó jẹ́ sìgá tí ènìyàn lè jù sílẹ̀.

Bàbá rẹ,
Bàṣírù


Adja-Ouèrè, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kìíní, ọdún 2024

Ṣàfíù,

Ó di ọjọ́ márùndínláàádọ́ta tí mo ti kọ̀wé sí ọ. Ṣé kò sí nǹkan? Nígbà tí mo pè ọ́ ní ọjọ́ ọdún tuntun, o ní ara rẹ le, o sì yára gbé tẹlifóònù fún ìyàwó rẹ. Mosún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, n kò lè béèrè nǹkan. Akọ̀wé póòsì ní Pobè ti mọ̀ mí. Bí ó bá ti rí mi lẹ́nu ọ̀nà ni ó ń mi orí.

N kò lè dúró mọ́. Mo ti ṣe ohun tí ó yẹ, mo sì ń sọ ọ́ fún ọ kí o má baà ya ẹnu bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ níbẹ̀.

O rántí Gildas, ọmọ ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣiṣẹ́ níbi ìwọ̀n? Òun ló ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé èsì ní ilé-ìwé Mosún. Mo lọ bá a. Mo ní kí ó sọ mẹ́rìnlá di méjìdínlógún.

Ó dìde, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ? Méjìdínlógún ní fìlósófì? Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn kò lè gbà á!"

Mo ní, "Gildas, àwọn tó wà níbẹ̀ ló ní òun ni wọ́n ń gbà. Ṣàfíù béèrè lọ́wọ́ wọn."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ọmọ mi ni."

Ó jókòó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní nítorí bàbá òun tó ti kú ni òun yóò fi ṣe é, kí n má sì dúpẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó sì ti fi ránṣẹ́. Mosún kò mọ̀. Kò gbọdọ̀ mọ̀. N kò parọ́ lórí ìwé rí ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo fi kọ̀wé ìwọ̀n. Ṣùgbọ́n bí mẹ́rìnlá rẹ̀ bá jẹ́ òtítọ́ níhìn-ín, tó sì di ìtìjú níbẹ̀, kí ni kí n ṣe?

Dá mi lóhùn.

Bàṣírù


Montréal, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì, ọdún 2024

Bàbá,

Àní, kí lẹ ṣe? Kí lẹ ṣe yìí?

Obìnrin kan wà ní yunifásítì yẹn, Rosine ni orúkọ rẹ̀, ará Àjàṣẹ́ ní Benin ni. Ó máa ń ka ìwé àwọn tó ń béèrè àyè. Mo lọ bá a nílé lánàá. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn ní ọmọ kan wà ní Benin tó gba mẹ́rìnlá, tó sì ṣe ipò kìíní nínú mẹ́tàlélógójì.

Ó ní, "Mẹ́rìnlá? Irú wọn gan-an la ń wá. Ṣé ẹ rò pé a ò mọ bí wọ́n ṣe ń fúnni ní máàkì nílé ni? Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a fi ń wò ó. Mẹ́rìnlá ti Benin ga ju àádọ́rùn-ún ti ibòmíràn lọ. Sọ fún un kí ó béèrè."

Mo ní, "Tó bá wá jẹ́ méjìdínlógún ńkọ́, títí kan fìlósófì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo ṣe bákì tèmi ní Àjàṣẹ́? Màá gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, màá sì kọ̀wé sí ilé-ìwé ẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí máàkì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí bí Gildas ṣe lè gba àpòòwé yẹn padà? Kí ló dé tí ẹ ò dúró dè mí?

Ṣàfíù


Adja-Ouèrè, ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọdún 2024

Ṣàfíù,

N kò ní kí ọ púpọ̀. Ẹnu mi korò.

O ní kí ló dé tí n kò dúró dè ọ́. Mo dúró. Ka ọjọ́ tí mo kọ sórí lẹ́tà mi, kí o sì ka ti ìdáhùn rẹ.

Mo gbé lẹ́tà rẹ méjèèjì kalẹ̀ lórí ẹní, mo fi wọ́n wé ara wọn. Nínú ti oṣù kejì, o ní lánàá ni o lọ bá Rosine. O ní ó sọ pé kí ọmọ náà béèrè. Nínú ti oṣù kọkànlá, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti wo ìwé rẹ̀, ó ti ní kò lè wọlé. Ta ni ẹni ti oṣù kọkànlá? Kí ni orúkọ rẹ̀? Ọkùnrin ni tàbí obìnrin? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni tí kò mọ ìwé tí wọ́n fi ń wo máàkì Benin?

Lẹ́tà yunifásítì náà ti dé ilé-ìwé Mosún láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gildas ló ṣí i, kò tíì fi han ọ̀gá wọn. Títí òpin oṣù karùn-ún ni wọ́n fún wọn láti dáhùn. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé ó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi láti òkèèrè, kò dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, tí mo bá fọwọ́ sí i, irọ́ kejì nìyẹn. Tí mi ò bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ mi lọ, ọmọ yín náà lọ. Èwo lẹ fẹ́?"

Mo di ògiri mọ́ṣáláṣí mú.

Mosún ń kọrin nínú ilé. Ó ní ọkàn òun sọ fún òun pé ìdáhùn ti wà lọ́nà.

Orúkọ ẹni oṣù kọkànlá ni mo fẹ́. N kò fẹ́ nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ.

Bàṣírù


Montréal, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, ọdún 2024

Bàbá mi,

Kò sí ẹni kankan. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ìwé Mosún wà lórí tábìlì wa fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo rí mẹ́rìnlá yẹn, mo sì mọ̀ pé ó dára. Mo mọ̀, Bàbá. Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín rí. Ọdún tí mo dé ibí, mo béèrè àyè ní yunifásítì yẹn kan náà. Mọ́kànlá ni máàkì mi. Wọ́n kọ̀ mí. Mo sọ fún yín pé iṣẹ́ ni mo yàn, ẹ sì gbà mí gbọ́, ẹ tún ń fi mí yangàn. Bọ́ọ̀sì tí mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ máa ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá láràárọ̀. Mo ro ó pé ọmọ tí mo gbé pọ̀n rí yóò máa sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, èmi yóò sì máa bá ọkọ̀ lọ. Mo wá kọ ohun tí mo kọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa parí sí, pé á lọ sí Kálávì, kò sì sí ẹni tí nǹkan máa ṣe.

Mi ò mọ̀ pé ẹ máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ jẹ́ kí n bá Mosún sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Ṣàfíù


Adja-Ouèrè, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 2024

Ṣàfíù,

Lẹ́tà rẹ dé ọwọ́ mi. Mo kà á nínú oko, nítorí n kò fẹ́ kí ìyá rẹ rí ojú mi. Bí ó bá jẹ́ àjèjì ló ṣe é, ǹ bá mọ bí mo ṣe lè bínú sí i. O ní o kò mọ̀ pé n óò gbà ọ́ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ta ni ǹ bá tún gbà gbọ́?

Mo ti sọ fún Mosún. Mo pè é sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìn ilé, mo sì kó gbogbo lẹ́tà lé e lọ́wọ́, tìrẹ àti ẹ̀dà tèmi, nítorí n kò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sunkún. Mo ti ń retí ẹkún, mo ti ro ohun tí n óò sọ bí ó bá sunkún.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n Ṣàfíù, mo gbọ́ tiwọn. Wọ́n ń jowú mi. Ẹni tó ń jowú èèyàn mọ̀ pé nǹkan wà lọ́wọ́ ẹni náà. Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa ń tan iná fún mi kàwé. Nígbà tí wọ́n ní mi ò tó, kí ló dé tí ẹ tètè gbà?"

Ṣàfíù, mo ti ń wá ìdáhùn sí i láti ọjọ́ náà. Irọ́ tìrẹ kò ju lẹ́tà kan lọ. Èmi ni mo lọ wá òǹtẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó lọ bá Gildas, àwọn méjèèjì sì wọlé tọ ọ̀gá wọn. Wọ́n ti dá Gildas dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ kò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i. Ọ̀gá náà fọwọ́ sí ìwé èsì tòótọ́, mẹ́rìnlá pẹ̀lú mẹ́tàlá fìlósófì, Mosún sì kọ lẹ́tà tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó wá gbé bébà funfun kan síwájú mi. Ó ní kí n kọ ọ́ pé èmi Bàṣírù ni mo bẹ Gildas kí ó yí máàkì padà, pé òun kò mọ̀. Mo kọ ọ́ ní Faransé, pẹ̀lú ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé ìwọ̀n. Ó kà á, ó tún àṣìṣe kan ṣe, ó sì ní kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ó má dọ̀tí. Mo tún un kọ. Mo fọwọ́ sí i.

Mo ní kí n bá a lọ sí póòsì. Ó ní rárá.

O ní o fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Má pè é. Kò sí nílé. Ó ti lọ sọ́dọ̀ Ìyábùnmi, àbúrò ìyá rẹ, ní Kpoulou, ibẹ̀ ni yóò ti máa lọ ṣe bákì rẹ̀. Ó kó ìwé rẹ̀ gbogbo, ó kúnlẹ̀ kí mi bí ó ti yẹ, ó sì lọ. Ìyá rẹ ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́jọ́ ọjà. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá Mosún bi í nípa mi. Ìyá rẹ a sì ní, "Ó ní ṣé ẹ ti lo oògùn yín." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò mọ̀ bóyá wọn yóò mú un lẹ́yìn gbogbo èyí. Rosine rẹ lè mọ̀, ṣùgbọ́n má lọ bi í. Mosún ní àwa méjèèjì ti béèrè tó lórí òun. Ó ti yí àdírẹ́sì padà lórí ìbéèrè rẹ̀, ó kọ ti Kpoulou síbẹ̀. Èsì náà kò ní gba ọwọ́ mi kọjá. Bí wọ́n bá mú un, ẹnu àwọn ará Kpoulou ni èmi àti ìwọ yóò ti gbọ́ ọ.

Bàbá rẹ,
Bàṣírù